Oṣù Kejì Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ so gateway kan tí WooCommerce Subscriptions kò mọ̀ rí mọ́ ìsọ̀ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ni gateway náà léèrè: ṣé wọ́n á fún wa ní token tí a lè fi gba owó lórí káàdì kan náà lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ẹni tó ni káàdì kò sí nídìí fóònù rẹ̀? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi ibi tó wà nínú ìwé ìlànà wọn hàn yín. Nígbà mìíràn, káàdì tí a fi pamọ́ tí oníbàárà yóò tún fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìyẹn kọ́ là ń wí.

Owó àkọ́kọ́ kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ rà tẹ PIN, ó tẹ OTP, owó wọlé, inú gbogbo wa dùn. Lóṣù kejì, kò sẹ́ni tí yóò tẹ OTP. WooCommerce Subscriptions ni yóò ṣí order tuntun, tí yóò sì ké sí woocommerce_scheduled_subscription_payment_ pẹ̀lú orúkọ gateway yín lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́ tí ẹ kọ síbẹ̀, kò sówó.

Ẹ mú Paystack fún àpẹẹrẹ, nítorí ìlànà rẹ̀ yéni. Lẹ́yìn owó àkọ́kọ́, ó máa ń dá authorization_code padà, ó sì ń sọ bóyá ó reusable tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá reusable, ẹ má tọ́jú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ímeèlì tí a fi san owó náà pẹ̀lú, torí ímeèlì yẹn gan-an ni ẹ óò fi gba owó tó kàn. Bí oníbàárà bá pààrọ̀ ímeèlì rẹ̀ nínú ìsọ̀, tí ẹ sì fi tuntun ránṣẹ́, wọn ò ní gbà á. Kọ́bọ̀ ni Paystack ń kà: 5,000 náírà di 500000. Náírà gan-an ni Flutterwave ń kà. Ẹni tó bá da kóòdù ti ọ̀kan kọ sí èkejì lè gba ìlọ́po 100 lọ́wọ́ ènìyàn.

Ibi tó máa ń gbé àwọn ọ̀dọ́ ṣubú jù ni kí gateway àti ìsọ̀ jọ máa ka oṣù. Àwọn gateway kan ní plan tiwọn tó ń gba owó fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dá plan síbẹ̀, tí WooCommerce náà ń ké sí yín lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn óò gé owó oníbàárà. Ní tèmi o, kí ìsọ̀ máa ka oṣù, kí gateway kàn máa gba owó tí a bá ní kó gbà. Bó bá di dandan kí gateway kà á, ẹ kọ gateway_scheduled_payments sínú supports, kí ìsọ̀ lè jókòó jẹ́jẹ́.

Ọ̀ràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ fi ìbéèrè owó ránṣẹ́, èsì kò dé. Ẹ má tún un rán. Alájọ tí kò dá a lójú bóyá ó ti gba owó òní, káàdì àjọ ló máa ń wò kó tó bèèrè. Kí reference yín wá láti inú nọ́ńbà order, kí ẹ sì fi verify wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbìyànjú mìíràn. Webhook, ìròyìn owó tí gateway ń fi ránṣẹ́ sí ìsọ̀, náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò ó bóyá order ti di sísan. Ẹ yẹ àmì webhook náà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́ (HMAC SHA512 ni ti Paystack), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí yín pé òun ti sanwó.

WP-Cron, tí ìsọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé láti mọ̀ pé oṣù ti pé, kì í jí àfi bí ẹnìkan bá ṣí wẹ́ẹ̀bù náà. Ẹ fi cron gidi sórí server.

Bí gateway kò bá ní token, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tan manual renewal, kí ìsọ̀ máa fi líǹkì ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tilẹ̀ fẹ́ràn transfer. Ẹnìkan yóò dá a lábàá pé kí ẹ kúkú tọ́jú nọ́ńbà káàdì àti CVV. Ẹ kọ̀ fún un: PCI DSS kò gbà kí ìsọ̀ tọ́jú CVV lẹ́yìn tí owó bá ti kọjá.

Ẹ má dúró de oṣù kan kí ẹ tó dán an wò. Process renewal wà lójú ewé subscription kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi káàdì tí kò lówó dán an wò, ẹ fagi lé subscription kan, kí ẹ rí i pé kò sówó tó tún jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ fún ọlọ́jà lédè tó yé e, ohun tí gateway yìí kò lè ṣe, bóyá kò lè dá apá kan owó padà, bóyá kò gba Verve fún owó oṣooṣù, kí ó mọ̀ ọ́n kó tó polówó.