Ooru Ló Ń Jẹ Iná, Ọmọ Mi

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ sólà tó gba ẹnu gbogbo yín kan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àgbà lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí ẹni tó bá gun Òkè Màpó lónìí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, tó wá bojú wo ìsàlẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, yóò rí i pé láàárín àwọn páànù wa tó ti dípẹtà, tí tolórí tẹlẹ́mù fi mọ Ìbàdàn, páńẹ́lì dúdú ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni méjì bá sì ti rà á ládùúgbò, ẹni kẹta kì í fẹ́ kẹ́yìn. Inú mi dùn sí i. Àwa tí a gbé ayé ìgbà iléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ECN, tí a rí i tó di NEPA ní 1972, tí NEPA di PHCN ní 2005, tí wọ́n tún tà á fún aládàáni ní 2013 tí tiwa fi bọ́ sọ́wọ́ IBEDC, a mọ̀ pé orúkọ ló ń yí, òkùnkùn kì í yí. Nígbà tí ìjọba wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò kọjá ₦500, tí owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A sì gun ₦225 lórí yúnìtì kan, ìyẹn kilowatt-hour kan, ní oṣù Kẹrin 2024, kò sí ẹni tó tún yẹ ká máa wàásù oòrùn fún mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èló ni páńẹ́lì, èló ni bátìrì, èló ni ìnfátà, ẹ ó máa béèrè èyí lọ́wọ́ ọlọ́jà láti Dùgbẹ̀ títí dé Ògùnpa, ẹ ó máa fi iye ti lágbájá wé ti làkásègbè, ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó, kó bi ara rẹ̀ pé kí ni mo fẹ́ fi iná yìí ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀tẹ̀ là á kọ́kọ́ wò ká tó pa làpálàpá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná tanmọ́lẹ̀, òmíràn ń fi fẹ́ atẹ́gùn, òmíràn ń fi sọ̀rọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá ń fi iná ṣe gbígbóná, ìbáà kéré bí áyọ́ọ̀nù, ìbáà tóbi bí sítóòfù, ọ̀jẹun ni, á jẹ tirẹ̀ tán, á tún jẹ ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn, ọmọ mi: ooru ló ń jẹ iná. Ẹni tó mọ èyí kó tó na owó sólà ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa rà á kún un, kò sì ní í tó.

Jẹ́ ká wo ilé kan ní Bẹẹrẹ, ti tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta, yàrá méjì àti pálọ̀. Gílóòbù LED mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9 watt, bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 5, wọn kò jẹ tó ìdá mẹ́ta yúnìtì kan. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 watt, bí wọ́n bá fẹ́ fún wákàtí 10, á jẹ yúnìtì kan àti díẹ̀. Tẹlifísọ̀n 80 watt kò jẹ tó ìdajì yúnìtì kan ní wákàtí 5. Fi fóònù gbogbo ilé kún un, nǹkan bíi yúnìtì 2 ni gbogbo rẹ̀ lójúmọ́. Oòrùn Ìbàdàn, bí a bá ka kìkì ìgbà tó mú ganrínganrín, a máa fúnni ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 5, torí náà páńẹ́lì 400 watt kan, lẹ́yìn tí wáyà, eruku àti ìnfátà bá ti yọ ti wọn, lè mú yúnìtì kan àti díẹ̀ wọlé. Méjì irú rẹ̀ á gbọ́ bùkátà ilé yìí, ẹ̀kẹta á wà fún oṣù Keje àti Kẹjọ tí ojú ọ̀run wa máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Wàyí o, gbé sítóòfù oníná 1,500 watt kan wọ inú ilé yìí kan náà, kí ẹnìkan gbé ẹ̀wà kaná lórí rẹ̀ fún wákàtí 2. Yúnìtì 3 ti lọ. Ìkòkò ẹ̀wà kan péré ti jẹ ju ohun tí ìmọ́lẹ̀, fáànù, tẹlifísọ̀n àti fóònù jọ jẹ lọ́jọ́ kan gbáko, ẹ ó sì máa bú oníṣẹ́ tó bá yín so ó pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wà lẹ fi bátìrì sè. Kẹ́tùlù 2,000 watt kò tilẹ̀ ní í dúró de bátìrì, bí ìnfátà bá kéré, kíké ló máa ké, á sì kú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gáàsì àti èédú máa se ẹ̀wà lọ. Áyọ́ọ̀nù lè lo sólà o, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé tí oòrùn wà lókè ni kí o lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, má dúró di alẹ́ Sọ́ńdè tí bátìrì nìkan ló kù tó ń gbọ́ bùkátà. Ní ti omi ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́, gbé omi sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú, sá a sóòrùn láti àárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oòrùn tó ń bọ́ páńẹ́lì náà ló mú omi yẹn gbóná, kò sì sọ pé kí o kọ́kọ́ ra bátìrì.

Kí o tó gbé ohunkóhun gun òrùlé, rántí pé ilé àárín ìlú wa kì í ṣe ti ẹnìkan. Agbo ilé ni, mọ́gàjí wà níbẹ̀, àwọn àgbà wà níbẹ̀, àwọn àbúrò bàbá rẹ tó wà l'Ékòó náà ní ìpín nínú òrùlé yẹn, torí náà lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó pe oníṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wá káfíńtà tó dáńtọ́, kí ó wọ inú àjà, kí ó fi òòlù kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fetí sí bí ó ṣe ń dún. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ á máa dún bí igbá òfìfo. Páńẹ́lì ńlá kan lè wọ̀n ju kílò 20 lọ. Gbé mẹ́fà lé irú igi bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá jà, òun àti páànù ni yóò jọ fò lọ sójú agboolé ẹlòmíràn. Páànù tó ti dípẹtà kì í di bóòtù mú, ẹ pààrọ̀ apá tí páńẹ́lì yóò jókòó lé kí ẹ tó kàn án. Kí páńẹ́lì kọjú sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Wo òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní aago 9 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, torí òjìji díẹ̀ lára páńẹ́lì kan lè fa àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku ojú rẹ̀ ní ìdájí, má dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti mú un gbóná.

Bátìrì ni owó pọ̀ sí jù. Bátìrì olómi 12 volt tó jẹ́ 200 Ah, agbára tí wọ́n kọ sí i lára ju yúnìtì 2 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí o máa lò kó tó tún rí oòrùn, torí bí o bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, kò ní í pẹ́ dákú. Bátìrì lithium wọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n o lè lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìpa á lára, ó sì lè sìn ọ́ fún bí ọdún 10. Ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tí wọ́n ti nu ara rẹ̀ tó ń dán, gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Má ṣe jẹ́ kí bátìrì olómi bá ènìyàn sun yàrá kan náà, nígbà tó bá ń gba iná ó máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná sílẹ̀. Ẹni tó ṣì ń tan jẹnẹrétọ̀ kún sólà rẹ̀, kó gbé e jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé, torí májèlé inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tó ń sùn.

Ìwọ ọmọ mi tó ti sọdá sí ìlú òyìnbó, tó ń gbọ̀n ní Peckham, má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́. Ẹ̀rọ kékeré 2,000 watt tí o gbé sẹ́sẹ̀ ibùsùn láti máa fẹ́ ooru, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìdáwọ́ dúró, yúnìtì 16 ló jẹ. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 25p, £4 ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òru rẹ kan ṣoṣo ti jẹ iná ọjọ́ 8 ilé Bẹẹrẹ yẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláńgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́: dí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ta kọ́tìnì tó nípọn, kí onílé sì tẹ́ ohun tó ń dá ooru dúró sínú àjà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ máa mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èbu á hù lára ògiri. Má sì dáná èédú sínú yàrá tí o ti dí pa, ikú jẹnẹrétọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó bi onílé rẹ léèrè nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump. Fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì, o ó rí i pé ó gbóná, torí ooru inú oúnjẹ ló fà jáde tó dà sẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún odindi ilé: ooru díẹ̀ tó ṣì kù nínú afẹ́fẹ́ ìta, kódà nígbà tí omi bá ń dì, ló ń fà wọlé. Nítorí pé gbígbé ló ń gbé ooru, tí kì í dá a sílẹ̀, yúnìtì 1 tó bá jẹ lè mú ooru yúnìtì 3 wọlé, yúnìtì 16 òru kan á sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 5 tàbí 6. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kì í ṣiṣẹ́ níbi òtútù, ní kí ó wo Nọ́wè, ilẹ̀ yìnyín tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí pọ̀ sí jù ní Yúróòpù bí a bá fi iye ilé ṣírò. Láti oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba ti ń fi £7,500 ran onílé lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ní Ẹ̀ńgílándì àti Wéèsì. Ṣùgbọ́n owó yúnìtì iná wọn tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì, ilé tí ooru rẹ̀ bá ṣì ń jò jáde lè má rí èrè níbẹ̀ ju ti gáàsì lọ. Má sì gbójú lé páńẹ́lì fún ooru, ohun tí ó ń mú wá ní oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún kò tó ìdá mẹ́rin ti oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin méjèèjì, ará Ìbàdàn àti ará Peckham, onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún. Ẹ má torí pé aládùúgbò ra páńẹ́lì mẹ́wàá kí ẹ yá owó ra mẹ́wàá. Lálẹ́ òní, mú bébà kan, kọ gbogbo ohun tó ń lo iná nílé rẹ sílẹ̀, kọ watt rẹ̀ àti wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ sí i, kí o sì fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo èyí tó ń gbóná. Àwọn onílà pupa yẹn ni kí o kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn fún. Ìyókù ni ti sólà rẹ. Bébà yẹn ni kí ọlọ́jà rí kó tó rí owó rẹ. Owó yín kò ní í bọ́ sómi o.