Kámẹ́rà Fídíò Tí Wọn Kò Ṣe Mọ́: Ṣé Kí A Máa Lò Ó Ni Tàbí Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó bí àgbà, kò lè ní àkísà tó bí àgbà. Òwe yìí ni mo máa ń pa fún àwọn akẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń bi mí pé kí ni mo ṣì ń fi kámẹ́rà onítéèpù ṣe, nígbà tí fóònù tí ó wà lápò wọn ń ya àwòrán tí ó mọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà kò burú. Ó kan gbogbo àwa tí a ń ṣe àkójọ lítíréṣọ̀ alohùn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò létòlétò.

Irú ẹ̀rọ tí à ń sọ

MiniDV ni kámẹ́rà mi. Ọdún 1995 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà. Sony DCR-VX1000 wà lára àwọn àkọ́kọ́. Canon XL1 tẹ̀lé e ní 1997. Téèpù rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 6.35 lọ, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ń gba wákàtí kan. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí Betamax ti 1975 àti VHS ti 1976 ni pé nọ́ńbà ni ó fi ń kọ àwòrán àti ohùn sílẹ̀, bíi ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí káàdì dé, àwọn ilé-iṣẹ́ pa onítéèpù tì. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2016 ni Sony dáwọ́ títa téèpù Betamax dúró. Ọdún náà ni Funai ti ilẹ̀ Japan, tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, káwọ́ nílẹ̀.

Ohun tí ó ṣì lè ṣe

Ohùn ni kí á kọ́kọ́ wò, nítorí ohùn ni ewì wa. Bí a bá fi MiniDV sí 16-bit, ìgbà 48,000 ni yóò wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Iye kan náà ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní ń lò. (Bí a bá fi sí 12-bit, yóò dín sí 32,000, kí ẹni tí ó bá ń lò ó ṣọ́ra.) Nípa ti ohùn, nígbà náà, ẹ̀rọ àtijọ́ yìí kò tíì di ẹni ẹ̀yìn. Ní ti fóònù, ọ̀pọ̀ wọn ni ó máa ń gbé ohùn sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn. Bí ìyáàlù bàtá bá ti dún gìrì, fóònù á rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀, ohùn ẹni tí ń pe ẹ̀sà á sì bá a rì. Ẹni tí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ igbá, igba àti ìgbà nínú ohun tí ó gbà sílẹ̀, kí ni yóò rí kọ sínú ìwé?

Ibi tí ó kù sí

Ti àwòrán yàtọ̀. Àwòrán MiniDV, irú èyí tí à ń lò ní Nàìjíríà, jẹ́ 720 lọ́nà 576: àmì tíńtìntín 414,720 ni ó para pọ̀ di àwòrán kan. Kámẹ́rà oní-1920 lọ́nà 1080 ní 2,073,600, ìlọ́po márùn-ún géérégé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ojú abẹ́rẹ́ ara ẹ̀kú egúngún, tàbí kí ó wo bí ọwọ́ onílù ṣe ń bọ́ sójú awọ, yóò mọ ìyàtọ̀ náà.

Téèpù tuntun ti ṣọ̀wọ́n. Bátìrì kì í ṣe ìṣòro fún kámẹ́rà tí ń lo irú NP-F, nítorí àwọn iná fídíò òde òní ṣì ń lò ó. Ọ̀nà inú kámẹ́rà dé inú kọ̀ǹpútà ni ó le jù. Okùn FireWire ni ó ń gbé àwòrán náà lọ láìdín ẹyọ kan kù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojúhò rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Téèpù 40 ni èmi àti ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kó jọ. Ìjálá, ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí wọ́n sun ìjálá wọ̀nyí ti lọ sí àjò àrèmabọ̀. Ohùn wọn kò sí níbòmíràn.

Orí kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tí ń fara ra téèpù. Òun ni ó ń kọ, òun náà ni ó ń kà, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó. Wákàtí tí mo bá fi ya ọdún egúngún tuntun, inú wákàtí tí ó yẹ kí n fi ka téèpù àtijọ́ ni mo ti yọ ọ́. Ibi ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ilẹ̀ Ọsirélíà kìlọ̀ ní 2015 pé téèpù tí a kò bá dà sínú kọ̀ǹpútà kí 2025 tó dé, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá. UNESCO náà gbé irú ìkìlọ̀ yìí jáde ní 2019. Ọdún tí wọ́n dá náà ti dé bá wa.

Ìpinnu mi

Àwọn tí ń ya fídíò skateboard ní Amẹ́ríkà ṣì ń wá VX1000 kiri nítorí bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí. Ìdí tiwọn tọ́ sí iṣẹ́ tiwọn. Tèmi ni pé kí a ra òmíràn fún iṣẹ́ tuntun, kí a má sì ta ti àtijọ́: kí ó di ẹ̀rọ ìkàwé fún téèpù nìkan.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù. Téèpù wákàtí kan ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 13. Téèpù 40 á jẹ́ 520, ààbọ̀ dísìkì oní-1,000 ni. Téèpù kì í sáré ju bí ó ti ń yí lọ, nítorí náà bí mo bá ń da méjì lójúmọ́, ogún ọjọ́ ni mo nílò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ní FireWire ni kí á wá yá.

Ẹni tí yóò ra tuntun, kí ó wá èyí tí ó ní ojúhò gbohùngbohùn, tí a sì lè fọwọ́ ara wa yí ìwọ̀n ohùn rẹ̀. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa lo fóònù, bí ó bá ti lè so gbohùngbohùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé téèpù tí ó kún, inú àpótí ni à ń gbé e sí. Káàdì tí ó kún, pípa ni à ń pa á rẹ́ kí a lè tún un lò. Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni kí á ṣe, sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Kí á kọ orúkọ asọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú àpótí tí ẹ ti gbàgbé sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fi kámẹ́rà àtijọ́ ṣẹ̀sín, ẹ béèrè ohùn ta ni òun nìkan ṣì lè kà. Bí ó bá ti ka téèpù tí ó kẹ́yìn tán, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì pé mẹ́ta, nígbà náà ni kí ó tó lọ sinmi.