Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹni tí ó Sìn, tí ó sì Padà Wálé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti dé Kútọnu rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Cadjèhoun. Níbẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfurufú wà. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń wọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi ń pe pápá náà: Cardinal Bernardin Gantin. Ta ni ẹni yìí? Kí ni ó ṣe? Ẹ jẹ́ kí á kà nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1922 ni wọ́n bí Bernardin Gantin ní ìlú Toffo. Dàhòmì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀. Ní èdè Fọ̀n, ìtumọ̀ Gantin ni igi irin. Àwọn àgbà wa ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ ó rí i bóyá ó ro òun náà.

Ní ọdún 1951, ó di àlùfáà nínú Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjọ Àgùdà. Ní ọdún 1957, wọ́n fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 35. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1960, ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Kútọnu. Òyìnbó Faransé ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni Dàhòmì gba òmìnira.

Ní ọdún 1971, Póòpù Paul Kẹfà pè é sí Róòmù. Ẹ rò ó wò ná. Olórí ni ó jẹ́ nílé. Wọ́n wá ní kí ó lọ máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Ó lọ. Bí a ti ń mọ ìránṣẹ́ rere nìyẹn: ibi tí a bá rán an ni ó ń lọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1977, ó di kádínà. Láti ọdún 1984 títí di ọdún 1998, òun ni olórí ọ́fíìsì tí ń bá Póòpù wá àwọn tí yóò di bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1993, ó di olórí gbogbo àwọn kádínà. Kò sí ọmọ Áfíríkà tí ó jẹ oyè náà rí ṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún 2002, ó pé ọmọ 80 ọdún. Oyè náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ máa gbé ní Róòmù. Bí ó bá di oyè mú, kò ní lè gbé nílé. Bí ó bá fẹ́ ilé, àfi kí ó fi oyè sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ̀ bá ṣe?

Bàbá Gantin bẹ Póòpù John Paul Kejì pé kí ó tú òun sílẹ̀. Póòpù gbà. Lẹ́yìn ọdún 31 ní Róòmù, ó padà sí Benin. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.

Ó kú ní ìlú Paris ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín sí Ouidah, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún balẹ̀ sí Cadjèhoun. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Gantin di kádínà. Ó lọ gbàdúrà níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di kádínà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ yín, ẹnìkan ń lu agogo, ẹnìkan ń gbálẹ̀, ẹnìkan ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Bóyá ẹ̀yin gan-an ni. Bí mọ́sálásí ni ẹ ń lọ, irú wọn wà níbẹ̀. Ìsìn òtítọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní, kí á dúró ti iṣẹ́ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Èkejì, kí á gbé e fún ẹlòmíràn nígbà tí àkókò bá tó. Èkejì yìí ni ó ń ṣòro. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ìjọ àti inú ẹgbẹ́ ni ó ti ọ̀dọ̀ àgbà tí kò fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ wá.

Bí ẹ bá dé Cadjèhoun, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ pápá náà. Ẹ ti mọ̀wé. Ẹ kà á fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Ìránṣẹ́: ẹni tí a ń rán níṣẹ́.
Ibojì: ibi tí a sin òkú sí.
Òmìnira: ìgbà tí ìlú bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń jọba lé e lórí.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ Gantin? Ǹjẹ́ orúkọ náà ro ó? Ẹ sọ ìdí.
2. Ọdún mélòó ni ó lò ní Róòmù?
3. Kí nìdí tí kò fi lè di oyè mú kí ó sì máa gbé nílé?
4. Ta ni ó ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín? Ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa rẹ̀.