Ìjànikin: Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin kẹ́ ẹ tó náwó sí sítúdíò

Bí èèyàn bá ti kọjá Òkokomaiko, tó ń bọ̀ wá sí Ìjànikin lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, orin ni yóò máa gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀ṣì àti láti inú ọkọ̀ akérò. Àgbègbè akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ibẹ̀ ni Adeniran Ogunsanya College of Education wà kó tó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2022, ibẹ̀ náà ni Federal Government College wà. Níbi tí ọ̀dọ́ bá sì pọ̀ sí báyìí, àwọn tó fẹ́ẹ́ kọrin kì í wọ́n.

Kì í ṣe olórin nìkan ni oníbàárà iṣẹ́ yìí o. Ṣọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ gba ohùn àwọn akọrin wọn sílẹ̀, iléèwé aládàáni ń fẹ́ orin iléèwé, ẹni tó ń ta àgbo ń fẹ́ ìpolówó tí yóò máa fi gbohùngbohùn gbé kiri ọjà, olóṣèlú sì ń wá orin bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà wọṣẹ́ náà ló ń kó wọn sí gbèsè. Wọ́n á kó owó àjọ, wọ́n á yá owó kún un, wọ́n á ra gbohùngbohùn ńláńlá àti màíkì olówó gọbọi, wọ́n á gba yàrá, wọ́n á kùn ún. Nígbà tó bá wá kan ká jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wá ọmọ tí yóò bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yẹn gan-an ni ọ̀gá, torí ọjọ́ tó bá bínú lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti hẹdifóònù tó mọ́ létí ti tó láti fi kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé akọ́ṣẹ́ ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni ohùn gan-an, irú èyí tí màíkì gbà. Èkejì kì í ṣe ohùn rárá. Bí wọ́n bá tẹ dùùrù tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ni dùùrù ń rán: bọ́tìnì báyìí ni wọ́n tẹ̀, àsìkò báyìí ni, bó ṣe le tó nìyí, láti 0 títí dé 127. Èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń rán iṣẹ́ yìí síra wọn ni MIDI, ọdún 1983 ló jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tẹ orin kan pẹ̀lú ohùn dùùrù lónìí, kí wọ́n sọ ọ́ di ohùn fèrè lọ́la láì tún un tẹ̀. Ohùn tí màíkì gbà kò gba irú ìyẹn. Bó bá ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbà á, ó bàjẹ́ náà nìyẹn.

Cubase, tí iléeṣẹ́ Steinberg ní Jámánì ṣe, ti wà láti 1989. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ dáadáa ni FL Studio ti iléeṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù. FruityLoops ni wọ́n ń pè é nígbà tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọdún 2003 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì rò pé orin kọ̀ǹpútà kò lè gbé Yorùbá, kó rántí "Gongo Aso" tí ID Cabasa ṣe fún 9ice lọ́dún 2008.

Bí wọ́n bá ṣí FL Studio, àpótí kéékèèké mẹ́rìndínlógún ni yóò hàn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín in. Ibẹ̀ ni akọ́ṣẹ́ ti ń ṣìnà, torí púpọ̀ nínú ìlù Yorùbá, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pín sí. Agogo kọ́nkọ́lọ tí gbogbo wa mọ̀, ojú méjìlá ló ní. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlù, ẹ sọ ọ́ di ojú mẹ́ta sí ìlù kan, ìlù mẹ́rin, kí àpótí di méjìlá. Kẹ́ ẹ wá tẹ àpótí kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Ẹ jẹ́ kó máa yí. Ẹni tó bá ti dé òde àríyá rí yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá, ijó dé nìyẹn.

Yóò kọ́kọ́ le gbagidi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìlù lù, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó dùn tó ti onílù. Ẹ jẹ́ kí àwọn kan le dé 100, kí àwọn mìíràn rọ̀ sí 75, kẹ́ ẹ sì sún ìkan tàbí méjì sẹ́yìn díẹ̀. Ní ti gángan, ẹ má ṣe fi bọ́tìnì tàn ara yín jẹ. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ pe ọmọ àyàn fún wákàtí kan, ẹ sanwó fún un, ẹ gba ohun tó fẹ́ẹ́ sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gé e sí ibi tó yẹ.

Irú ìṣọ́ra kan náà ni ti ohùn akọrin. Ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn tó yẹ̀ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ sókè tàbí kó fà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìyá tó kọrin ìyìn nípa ọkọ rẹ̀ kò ní í sanwó fún orin tó ń yin ọkọ́.

Ariwo ni wàhálà tó tóbi jù níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá tọ̀sán-tòru. Kérétì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kì í dá ariwo jẹnẹrétọ̀ dúró, ẹ má ṣe dá ara yín lágara. Yàrá tó jìnnà sí títì, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, aṣọ wúwo lójú fèrèsé àti mátíráàsì lẹ́yìn akọrin ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Kí akọrin jìnnà sí màíkì ní bí ìbú ọwọ́ kan. Kí iná tó ń fi ohùn hàn máa ta láàárín -12 sí -6, torí bó bá ti kan pupa, kò sí àtúnṣe. Bí akọrin bá ní òun ń gbọ́ ohùn ara òun lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ tán, ẹ dín iye tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kù láti 1024 sí 128. Ní 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1024 ń fi ohùn falẹ̀ bíi 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, 128 kò tó 3. Bó bá wá ń já gìrìgìrì, ẹ gbé e padà sí 256.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá wà lórí bátìrì, kẹ́ ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ohùn á mọ́, owó epo náà á sì dínkù. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 naira bọ́ sí òkè 480 lẹ́ẹ̀kan náà, sítúdíò tí kò bá ka epo mọ́ owó iṣẹ́ ń jẹ ojú owó ara rẹ̀ ni. Ẹ kọ wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka owó epo àti owó yàrá mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó dá iye lé e.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n jí ṣe máa ń kó kòkòrò wọlé, iṣẹ́ oníbàárà sì lè bá a lọ. Èyí tí FL Studio fi ń dánwò lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ́jú iṣẹ́, àmọ́ kò ní í jẹ́ kó tún un ṣí títí yóò fi sanwó. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò ní í sanwó fún àwọn tuntun tó bá ń jáde. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà o, ẹ wo bóyá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà ń gba ohùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Reaper ń fàyè ọgọ́ta ọjọ́ sílẹ̀, 60 dọ́là sì ni fún okòwò kékeré. Ọ̀fẹ́ ni LMMS àti Audacity.

Ìjà tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí orin bá ti jáde ni ti ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù kẹta 2023, ní kí fífi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó: ta ló ni ìlù, ta ló ni ohùn, èló ni wọ́n san, ìpín mélòó ni bí owó bá wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i kí orin tó kúrò nínú kọ̀ǹpútà.

Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn mẹ́wàá lè gba àyè tó 300 MB. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú díráìfù tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kó sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Oníbàárà tó gba orin rẹ̀ nínú oṣù kẹta lè padà wá nínú oṣù kẹwàá pé kí wọ́n yọ ohùn ẹnì kan tó ti bá òun jà kúrò, owó tuntun sì nìyẹn.