Èèpo Igi Tí Ó Di Aṣọ Ilé

Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ohun tí a bó lára iṣu, èyí tí a bó lára ẹ̀pà àti èyí tí a bó lára igi: èèpo ni gbogbo wọn. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi rò pé ààtàn ni ó yẹ èèpo igi. Àwọn onísègùn kò bá wa rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ́lé ní agbègbè òkè Appalachia, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, kò rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n ń fi èèpo igi bo ògiri ìta ilé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ohun tí à ń jù nù lè lágbára ju ohun tí à ń fi pamọ́ lọ.

Igi Náà

Tulip poplar ni wọ́n ń pè é. Kí orúkọ má tàn wá o: kì í ṣe ojúlówó poplar. Ìdílé igi magnolia ni ó ti wá. Igi willow ni ojúlówó poplar bá tan. Pákó rẹ̀ fúyẹ́, kì í yọ káfíńtà lẹ́nu, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fara da omi. Bí òjò bá ń pa á láìsí ọ̀dà lára rẹ̀, yóò jẹrà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi pákó yìí bo ìta ilé gbọ́dọ̀ kùn ún lọ́dà níwájú, lẹ́yìn àti lójú ibi tí ayùn gbà kọjá. Kí ó jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí pákó má sì kan ilẹ̀.

Agbára Èèpo

Èèpo igi kan náà yìí yàtọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo igi lọ́wọ́ òjò, oòrùn àti kòkòrò. Bí a bá bó o bí ó ti yẹ, tí a sì gbẹ ẹ́, yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ lára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba ọ̀dà.

Èèpo igi chestnut ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Henry Bacon, ẹni tí ó ya àwòrán ilé ìrántí Lincoln ní Washington, lò ó fún àwọn ilé ní ìlú Linville. Ilé ìjọsìn All Saints wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1904, wọ́n rí àrùn kan lára igi chestnut ní New York. Ara èèpo gan-an ni àrùn náà ń gbà wọlé. Nígbà tí yóò fi di 1950, ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù igi. Tulip poplar ni ó wá gba ipò rẹ̀.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Bó O

Láti ìgbà ìrúwé dé ìgbà ooru ni wọ́n ń bó èèpo náà, nígbà tí oje ń ṣàn láàrin èèpo àti igi. Nígbà òtútù, ṣe ni yóò lẹ̀ típẹ́típẹ́. Igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀ fún pákó ni wọ́n ń bó, nítorí ẹni tí ó bó èèpo igi yípo lórí ìdúró ti pa á. Wọn á fi ọ̀bẹ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn á sì ṣí i kúrò bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Lẹ́yìn èyí, wọn á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn á gbé ẹrù lé e kí ó má baà ká, wọn á sì fi ooru ààrò gbẹ ẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú.

Kí wọ́n tó kàn án mọ́ ògiri, wọn á kọ́kọ́ ta bébà tí omi kì í là kọjá. Wọn á wá to èèpo náà lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, kí òjò lè máa ṣàn wálẹ̀. Ìṣó tí kì í dípẹtà ni wọ́n ń lò.

Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò ní kí a lọ bó ìrókò lóko o. Igi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwà tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kí a tó da nǹkan sí ààtàn, kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí a ti mú un.