Bí A Ti Ń Ran Aláìlera Lọ́wọ́ Láìgba Àṣẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú arúgbó, abirùn, àti àwọn tí kì í tètè lóye nǹkan, yálà ní ilé wọn tàbí ní ilé ìtọ́jú. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti òbí mọ iṣẹ́ náà dájú, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ń ṣe é ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ kẹ́à. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ ṣí ọ̀nà ìwé ìwọ̀lú sílẹ̀ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, a kò gbà kí àwọn tí ń bọ̀ lọ́tun mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni a sì ti ọ̀nà náà pa fún àwọn tí a bá fẹ́ gbà tààrà láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti lọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ta ni kò mọ àgbà kan tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú? Àwọn baba wa wí pé, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

EKÍNNÍ: Kí ni iṣẹ́ náà?

Olùtọ́jú kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti wẹ̀, láti wọṣọ, láti jẹun, láti lo oògùn ní àkókò rẹ̀, láti lọ sí ọjà, àti láti wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, ìrànlọ́wọ́. A kò wí pé kí ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú 10. Olùtọ́jú lè dè é ní ìṣẹ́jú 1, àkókò kò sì tó, nítorí pé ilé mìíràn ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ tí a kò lò yóò máa rọ sí i, ọkùnrin náà yóò sì gbàgbé pé òun lè ṣe é.

Níhìn-ín ni àṣà rere wa lè di ìdẹkùn. Àwa a máa bọ̀wọ̀ fún àgbà nípa wíwí pé, “Ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ má ṣe nǹkan kan.” A gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, a gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìkẹyìn a ti gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí yóò gbé ìjókòó fún un lẹ́bàá ààrò, yóò sì jẹ́ kí ó máa já ẹ̀fọ́.

EKEJÌ: Òfin tí ó dáàbò bo aláìlera

Ní ilẹ̀ England àti Wales, òfin kan wà tí a ń pè ní Mental Capacity Act. A ṣe é ní ọdún 2005, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Ìlànà 5 ni ó fi lélẹ̀:

1. Kí a gbà pé ẹni tí ó ti dàgbà lè pinnu ọ̀ràn ara rẹ̀, títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Kí a má ṣe wí pé kò lè pinnu, àfi bí a bá ti ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣeé ṣe. A lè fi àwòrán hàn án, tàbí kí a dúró di ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀.

3. Kí a má ṣe ka ènìyàn sí aláìlóye kìkì nítorí pé ìpinnu rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu lójú wa.

4. Bí kò bá lè pinnu ní tòótọ́, ire tirẹ̀ ni kí a wá, kì í ṣe ìrọ̀rùn tiwa.

5. Kí a tó ṣe ohunkóhun, kí a wò bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín òmìnira rẹ̀ kù.

Ìlànà kẹta ni ó le jù fún wa. Bí ìyá arúgbó kan bá fẹ́ ṣúgà nínú tíì rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti kìlọ̀ fún un, olùtọ́jú lè ṣàlàyé ewu rẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ̀gá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kó ṣúgà pa mọ́ fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Bákan náà, òye kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ọ̀ràn. Ẹni tí kò lè bójú tó owó rẹ̀ ní báǹkì lè mọ aṣọ tí ó wù ú láti wọ̀.

ẸKẸTA: Ojú tí ń rí, ẹnu tí ń sọ

Olùtọ́jú ni ó ń rí ohun tí dókítà àti ẹbí kò rí: egbò ní ẹ̀yìn, oúnjẹ tí a kò fọwọ́ kàn, ẹ̀rù tí ń ba aláìlera nígbà tí ẹnìkan pàtó bá wọlé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, kí ó sì ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó rò.

Ní ọdún 2011, BBC fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ń lu àwọn aláìlera tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ní ilé ìwòsàn Winterbourne View, nítòsí Bristol. Nọ́ọ̀sì kan ti kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n a kò tẹ́tí sí i bí ó ti yẹ. Ènìyàn 11 ni ó jẹ̀bi ní ilé ẹjọ́. 6 nínú wọn sì lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2012. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a kò gbọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Kí ó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú, tàbí àjọ Care Quality Commission tí ń ṣe àyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ní England. Èyí kò rọrùn fún àlejò tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kan ti ọdún 1998 kọ̀ kí a lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ṣíṣe nǹkan fún ènìyàn àti ríràn án lọ́wọ́ láti ṣe é?

2. Bí bàbá kan bá kọ̀ láti wẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ni ó yẹ kí olùtọ́jú bi í léèrè kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kọ̀?

3. Nínú ilé tiwa, iṣẹ́ wo ni a ti gbà lọ́wọ́ àgbà, tí ó yẹ kí a dá padà fún un?