Búrẹ́dì Inú Ìkòkò

Ẹni tó bá ti fi iyanrìn yan ẹ̀pà rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Iyanrìn gbígbóná ń pín ooru káàkiri, kì í jẹ́ kí ẹ̀pà jóná lójú kan. Iyanrìn yẹn kan náà ló ń yan búrẹ́dì nínú ilé tí kò sí ààrò.

Ẹ wá fúláwà ìdajì kílò, ìyẹn bí ife mẹ́rin. Ẹ wọn ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan àti yíìsì ṣíbí ìmutíì méjì. Omi rẹ̀ kò ju ife kan àti díẹ̀ lọ.

Yíìsì ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ohun ẹlẹ́mìí ni, irú rẹ̀ ló ń mú kí ẹmu yọ ìfófòó. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń mú kí búrẹ́dì wú. Omi gbígbóná ń pa á. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí mo ṣe le bí òkúta, nítorí pé omi tí mo da yíìsì sí fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí fúláwà wọ́n. Láti ìgbà náà, mo máa ń ti ìka bọ omi ná. Bí ó bá rí bí omi tí a fi ń wẹ ìkókó, ó ti dára. Ẹ da yíìsì àti ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá yọ ìfófòó, ẹ má fi fúláwà yín ṣòfò, ẹ ra yíìsì mìíràn.

Ẹ wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ tún tì í, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tètè bu fúláwà kún un. Bó bá yá, á dán, á sì máa fà. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi wú di ìlọ́po méjì. Wákàtí kan sábà máa ń tó, àfi lásìkò ọyẹ́. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a sínú páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa, kí ó tún wú fún ìṣẹ́jú 40. Àwọn oníbúrẹ́dì kan ń lo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bromate kí tiwọn lè wú dáadáa, ohun tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin dè. Nínú ilé, sùúrù ti tó.

Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá tó ti gbó, kó jìn tó ìka méjì. Ẹ to agolo sadíìnì òfìfo mẹ́ta lé e, kí páànù má baà kan iyanrìn. Ẹ dé e, ẹ dáná sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé páànù sínú rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ má sì ṣí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ooru ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kí orí búrẹ́dì pọ́n, nítorí náà mo máa ń to ẹyin iná sórí ìdérí fún ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá dún bí ìlù, inú ti jinná.

Bí òórùn rẹ̀ ti wù kó ta sánsán tó, ẹ má tíì gé e, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ẹ rán ọmọ lọ ra ẹ̀wà àgọ̀yìn tí ẹ ó fi jẹ ẹ́ ná.